Lọ́ńdọ̀nù Tí Iná Ọdún 1666 Kò Jó

Ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì ń pè ní ilé ayé àtijọ́, kò pẹ́ tó bí wọ́n ṣe rò. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí afárá Tower Bridge tó ní ilé gogoro méjì yẹn. Iná jó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1834. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, tòun ti aago ńlá rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ ńlá tó wà ní Strand, tó ní ṣóńṣó orí káàkiri, 1882. Ilé eré Globe létí odò, 1997. Ilé tó dára ni gbogbo wọn, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rí ìlú tí àwọn èèyàn ń gbé ní ọdún 1200 tàbí 1550, ọ̀nà míì ni yóò gbà. Kó kọ́kọ́ mọ ibi tí iná ńlá ọdún 1666 dé, kó wá gba etí ibẹ̀ rìn.

Òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1666, ni iná ṣẹ́ nílé Thomas Farriner, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Pudding Lane, nítòsí London Bridge. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú kí pákó ara àwọn ilé gbẹ, afẹ́fẹ́ líle sì ń fẹ́ láti ìlà oòrùn. Ó gbé iná náà lọ sí ìwọ̀ oòrùn fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀, ilé bí 13,200 àti ṣọ́ọ̀ṣì 87 ti lọ, títí kan kàtídírà St Paul's àtijọ́. Ṣùgbọ́n iná tí afẹ́fẹ́ ń tì lẹ́yìn kì í rọrùn fún láti padà sẹ́yìn. Ìlà oòrùn Pudding Lane kò fi bẹ́ẹ̀ jó. Igun àríwá ìlà oòrùn nínú odi ìlú bọ́, ìta odi níhà Smithfield àti Holborn náà bọ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tó kù fi tò sí eteetí, bí ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí etí àwo lẹ́yìn tí òkèlè ti nu àárín rẹ̀. Yàtọ̀ sí Guildhall, gbọ̀ngàn ìjọba ìlú, àti àwọn ògiri díẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá ilé tó ṣáájú 1666 káàkiri àárín City, ìyẹn àdúgbò ìlú àtijọ́ náà.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ ṣe kókó ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ọ́fíìsì àti báńkì ló kún City. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ibẹ̀ á dá páropáro, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì á sì wà ní títì. Ọjọ́ Àìkú ńkọ́, ìsìn ni wọ́n ń ṣe, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ máa rìn kiri inú ibẹ̀. Ọjọ́ Ajé kò dáa nítorí pé Charterhouse, ọ̀kan lára ibi tí ẹ máa dé lọ́sàn-án, kì í ṣí. Nítorí náà, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ mú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìrìn náà kò ju kìlómítà 5 sí 6 lọ, àmọ́ pẹ̀lú ìdúró níbí, ìjókòó lọ́hùn-ún, odindi ọjọ́ ni. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti 2014. Káàdì báńkì, fóònù tàbí Oyster, káàdì ọkọ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù, ni. Tí ẹ bá fi káàdì kan náà tẹ ẹ̀rọ, gbogbo bọ́ọ̀sì tí ẹ bá wọ̀ láàárín wákàtí kan, owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa yọ. Ẹ má fi fóònù wọ àkọ́kọ́ kí ẹ wá fi káàdì wọ èkejì, kódà bó jẹ́ àkáǹtì kan náà: ẹ̀rọ á kà á sí ẹni méjì.

Tower Hill ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé ibẹ̀, bọ́ọ̀sì 78 tó ń ti Peckham bọ̀ náà sì ń gba orí Tower Bridge kọjá sí àdúgbò yẹn. Kí ẹ tó bá èrò lọ sí Tower of London, ẹ yà sí ọgbà kékeré tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Odi ìlú ló dúró síbẹ̀, ó ga tó nǹkan bíi mítà 10. Àwọn ará Róòmù ló mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200. Tiwọn ga ju mítà 4 lọ díẹ̀. Àwọn èèyàn Sànmánì Agbedeméjì ló mọ èyí tó kù lé e lórí.

Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, nítorí ohun tí ẹ bá kọ́ lára ògiri yẹn ni ẹ máa lò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ àwọn ará Róòmù: òkúta tí wọ́n gé lọ́gbọọgba, tí wọ́n tò sí ìlà. Lẹ́yìn ìlà mélòó kan, bíríkì pẹlẹbẹ pupa á gba ojú ògiri kọjá. Bíríkì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń mú kí ògiri náà tẹ́jú bó ṣe ń ga, tó sì ń dè é pọ̀. Níbi tí pupa yẹn bá ti dáwọ́ dúró, tí òkúta wá di ńlá pẹ̀lú kékeré láìní ìlà, Sànmánì Agbedeméjì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ ògiri náà: ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí à ń rìn lónìí, nítorí pé ilé tó wó lórí ilé tó wó ti gbé ilẹ̀ ìlú náà sókè láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí i pé ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé náà ti pẹ́.

Ẹ gòkè gba Cooper's Row. Nínú àgbàlá tó wà lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì, apá míì lára odi náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ihò tóóró tí àwọn tafàtafà ń ta ọfà gbà. Ọ̀fẹ́ ni, èrò kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹnubodè odi yìí, Aldgate, Bishopsgate, Cripplegate àti àwọn yòókù, ti di wíwó láti àwọn ọdún 1760. Orúkọ wọn nìkan ló kù lára àdúgbò àti ibùdókọ̀, nítorí náà ẹ má dúró ní Aldgate kí ẹ máa wá ẹnubodè.

Ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nítòsí. All Hallows by the Tower bọ́ lọ́wọ́ iná nítorí pé Ọ̀gágun orí omi William Penn ní kí wọ́n wó àwọn ilé tó yí i ká. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ nípa iná náà, gun ilé agogo rẹ̀ lọ wo bí ìlú ṣe ń jó. Bọ́ǹbù ọdún 1940 ba ibẹ̀ jẹ́ gan-an, àmọ́ bọ́ǹbù yẹn náà ló tú ògiri kan, tí ẹnu ọ̀nà tí òkè rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí wọ́n fi bíríkì àlòkù àwọn ará Róòmù kọ́ ṣáájú kí àwọn Norman tó ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, fi hàn síta. St Olave, ní igun Hart Street àti Seething Lane, ni ṣọ́ọ̀ṣì Pepys fúnra rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí ní 1703. Ilé náà ti wà láti nǹkan bí ọdún 1450. Bọ́ǹbù bà á ní 1941, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà Seething Lane wọlé, kí ẹ lè rí agbárí òkúta tó wà lókè géètì náà. Ọdún 1658 ni wọ́n kọ sí i.

Láti ibẹ̀, ẹ forí lé àríwá sáàárín àwọn ilé gíláàsì. St Andrew Undershaft, 1532, wà lábẹ́ ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Gherkin. Òde lẹ máa fi ojú rí lọ́pọ̀ ìgbà. Inú rẹ̀ ni wọ́n sin John Stow sí ní 1605, ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ rin gbogbo àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù kó tó kọ ìtàn wọn. Èyí tó wà nítòsí rẹ̀, St Helen's Bishopsgate, lẹ kò gbọ́dọ̀ fò. Tí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ẹ máa rí i pé bí ilé méjì tí wọ́n so pọ̀ ló rí. Òótọ́ sì ni: láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ti ń jọ́sìn lápá kan, tí àwọn ará àdúgbò ń jọ́sìn lápá kejì. Ibojì àwọn olówó ìlú kún ibẹ̀, Sir John Crosby àti Thomas Gresham wà lára wọn. Iná 1666 kò dé ibẹ̀, bọ́ǹbù Hitler kò bà á tó bẹ́ẹ̀, àfi bọ́ǹbù tí ẹgbẹ́ ajìjàgbara IRA ti ilẹ̀ Ireland gbé wá ní ọdún 1992 àti 1993 ló ṣe é léṣe jù. Tí ilẹ̀kùn ńlá bá wà ní títì, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó yíjú padà. Ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ gidi ni wọ́n, wọ́n sì máa ń to àga fún ìpàdé. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un nípa àdúgbò Aldgate: àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì St Botolph níbẹ̀ ní orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó gbé ìgboro yẹn ní àwọn ọdún 1580 àti 1590. Ilé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ báyìí kò tó ìgbà yẹn, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ máa fojú rí. Àmọ́ ó yẹ kí àwa tí à ń kọjá níbẹ̀ mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. John Blanke, tó ń fun kàkàkí láàfin Ọba Henry Keje àti Henry Kẹjọ, gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní 1507, wọ́n sì yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú láwàní lórí, lórí ẹṣin, ní 1511.

Ẹ gba títì London Wall lọ sí ìwọ̀ oòrùn títí dé ọgbà St Alphage. Níbẹ̀ lẹ máa rí àmì kẹta lára odi: bíríkì pupa àti dúdú tí wọ́n fi ṣe ọnà lókè ògiri, iṣẹ́ ọdún 1477, nígbà tí ogun abẹ́lé ń da ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàmú. Ẹ bọ́ sínú Barbican, ọgbà ilé gbígbé ńlá kan, kí ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì St Giles Cripplegate, níbi tí Oliver Cromwell ti gbéyàwó ní 1620, tí wọ́n sì sin akéwì John Milton sí ní 1674. Barbican máa ń da àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gan-an rú, ká má tíì sọ àlejò. Àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀, gúgù-màápù kì í sì í mọ̀ bóyá òkè lẹ wà tàbí ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé àwọn àmì ara ògiri dípò fóònù. Ilé ìyàgbẹ́ ọ̀fẹ́ wà ní Barbican Centre, ẹ lò ó, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà yìí. Tí ìwé ìtọ́sọ́nà yín bá ní kí ẹ wọ mùsíọ́mù ìlú tó wà ní London Wall, ìwé náà ti pẹ́: wọ́n ti tì í láti oṣù Kejìlá 2022, Smithfield ni wọ́n ń kó lọ.

Guildhall, gbọ̀ngàn ìjọba ìlú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1411, ló bọ́ lágbedeméjì iná. Ògiri òkúta rẹ̀ ló gbà á là. Òrùlé rẹ̀ jó ní 1666, ó tún jó ní oṣù Kejìlá 1940, èyí tó wà lórí rẹ̀ báyìí jẹ́ ti àwọn ọdún 1950. Inú gbọ̀ngàn yìí ni wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún Lady Jane Grey ní 1553. Ẹ má jẹ́ kí iwájú rẹ̀ tàn yín jẹ, ọdún 1788 ni wọ́n fi ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn sí i. Ọ̀fẹ́ ni láti wọlé, àmọ́ tí wọ́n bá ń ṣe àpèjẹ, wọ́n á tì í láìkéde rẹ̀ níta. Ẹ yẹ ojú ìwé wọn wò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Smithfield. Ní igun Cock Lane àti Giltspur Street, ère ọmọdé kékeré kan tí wọ́n fi wúrà kùn wà lókè ògiri. Ibi tí iná dúró nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kánjúwà oúnjẹ ló fa iná náà (ẹlẹ́ṣẹ̀ kì í wọ́n téèyàn bá fẹ́ dẹ́bi fún ẹnì kan). Rírìn bí ìṣẹ́jú méjì sí i, ẹ ti dé géètì St Bartholomew the Great: òkúta ọ̀rúndún kẹtàlá nísàlẹ̀, ilé pákó ọdún 1595 lókè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé pákó yẹn wà, nítorí wọ́n ti fi nǹkan bò ó. Bọ́ǹbù tí ọkọ̀ òfúrufú àwọn ará Jámánì jù ní 1915 ló gbọn ìbòrí rẹ̀ dà nù.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn géètì náà ni mo máa sọ pé kí ẹ wò tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lẹ láyè fún. Rahere, ará ààfin Ọba Henry Kìíní, ló dá a sílẹ̀ ní 1123 pẹ̀lú ilé ìwòsàn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dòní. Òpó rẹ̀ ki bí ara èèyàn méjì, òkúta tó so orí wọn pọ̀ sì tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 1539, Henry Kẹjọ tú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ká, wọ́n sì wó apá tó gùn jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ọgbà tí ẹ kọ́kọ́ gbà kọjá, inú ilé ni nígbà kan. Apá tí àwọn ará àdúgbò ní àwọn fẹ́ máa lò ló kù. Igun kan di ilé alágbẹ̀dẹ, yàrá ìjọsìn tó wà lẹ́yìn di ilé ìtẹ̀wé, Benjamin Franklin sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 1725. Ẹ gbójú sókè lápá gúúsù: fèrèsé kékeré tó yọ síta yẹn ni Prior Bolton, olórí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ibẹ̀, fi ń wo ìsìn láti yàrá rẹ̀, ọfà tó gba inú àgbá kọjá ni wọ́n sì gbẹ́ sí i láti fi dúró fún orúkọ rẹ̀ (ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bolt ni ọfà, tun ni àgbá). Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ojú yín mọ́ ọn lára kí ẹ tó ya fọ́tò. Tí ẹ bá jáde, ẹ wo ilé 41 àti 42 ní Cloth Fair, tí wọ́n kọ́ láàárín 1597 sí 1614. Ilé onílé ni, ẹ má kan ilẹ̀kùn.

Charterhouse kò jìnnà. Ilẹ̀ ìsìnkú àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn pa ní 1348 ni; ní 1371 ó di ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí olúkúlùkù ń dá gbé yàrá tirẹ̀. Ẹ béèrè ẹnu ọ̀nà yàrá kan tó ṣẹ́ kù: ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbé oúnjẹ gbà, tí wọ́n ṣe ní ọ̀nà tí ẹni tó gbé e wá kò fi ní rí ojú ẹni tó ń gbà á. Olórí wọn, John Houghton, kọ̀ láti gba Henry Kẹjọ ní olórí ìjọ. Wọ́n pa á ní 1535, wọ́n sì kan apá rẹ̀ mọ́ géètì ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ilé náà di ti àwọn ọlọ́lá, kó tó di pé Thomas Sutton rà á ní 1611, ó sì sọ ọ́ di ibùgbé àwọn àgbàlagbà aláìní. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń gbé ibẹ̀, àwọn kan lára wọn ló sì ń mú àlejò rìn yíká. Ọ̀fẹ́ ni mùsíọ́mù wọn, àmọ́ òun nìkan kò tó. Ẹ sanwó ìrìn náà, kí ẹ gbà á ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àyè kì í pọ̀, àwọn gbọ̀ngàn tó dára jù kò sì ṣeé wọ̀ láìsí ẹni tó mú yín lọ.

Tí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà, géètì St John's ti ọdún 1504 wà lókè díẹ̀, ẹ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. St Etheldreda's ní Ely Place, ilé ìjọsìn àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ely láti nǹkan bí 1290, wà lójú ọ̀nà Holborn. Ní ìparí, Staple Inn, 1585, lójú títì gan-an níwájú ibùdókọ̀ Chancery Lane: ilé pákó dúdú àti funfun tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n ti tún un ṣe léraléra, pàápàá lẹ́yìn bọ́ǹbù 1944, àmọ́ bí ojú pópó ṣe ń rí kí iná tó dé nìyẹn.

Mi ò fi Temple, àdúgbò àwọn lọ́yà, sí ọjọ́ yìí nítorí àkókò; ẹ fi í sí ọjọ́ kejì. Temple Church, ilé òbìrípo tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1185, ń gba owó ìwọlé, ó sì máa ń tì fún ìgbéyàwó àti ìsìn. Middle Temple Hall, ti àkókò Elizabeth Kìíní, níbi tí wọ́n ti ṣe eré Twelfth Night ti Shakespeare ní oṣù Kejì 1602, jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn lọ́yà títí dòní. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tàbí kí ẹ gba àyè oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ ṣáájú. Lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ géètì Temple máa ń wà ní títì. Ẹ gbìyànjú ti Tudor Street.

Ọjọ́ kejì yẹn náà ló yẹ kí ẹ lò fún Westminster, nítorí pé níbẹ̀ ni Renaissance, àṣà iṣẹ́ ọnà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì, ti hàn kedere jù. Ó pẹ́ kó tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú yàrá ìjọsìn Henry Keje ní Westminster Abbey, òrùlé òkúta tó tàn bí abẹ̀bẹ̀ jẹ́ ti àṣà àtijọ́ lọ́nà tó ga jù, àmọ́ ibojì idẹ ọba àti ayaba tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ará Florence ló ṣe é: Pietro Torrigiano, ọkùnrin tó fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ imú Michelangelo nígbà èwe wọn. Sànmánì méjì nínú yàrá kan. Ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún sí i kí odindi ilé tó tẹ̀ lé àṣà Ítálì tó dé: Banqueting House tí Inigo Jones parí ní 1622, ní Whitehall. Kì í ṣí lójoojúmọ́, ẹ yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò.

Ẹni tó bá ń padà sí gúúsù odò lè gba London Bridge, kó wo Southwark Cathedral àti fèrèsé òbìrípo ti ààfin bíṣọ́ọ̀bù Winchester ní Clink Street. Ojú pópó ni ògiri yẹn wà, kò ní wákàtí ìṣílẹ̀kùn, ẹ sì lè lọ wò ó lẹ́yìn tí gbogbo ibi yòókù bá ti tì.